Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Lórí Ọmọ Ẹ̀jẹ̀ Méjì

Ẹ̀yin àgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ ń jókòó pín ogún, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ẹ̀sùn ni mo gbé wá, ẹ̀yin ni mo sì fi kàn. Nítorí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó ni, tàbí ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa tí bàbá rẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó tàbí láti ilẹ̀ àwọn Kóráà. Áàfù-káàsì ni ẹ ń pè é. Ẹ ti gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ yìí. Bí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé, "Ọmọ ta ni ọ́?", òun fúnra rẹ̀ ní í dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ni ẹ ń bá dáhùn, ìdáhùn yín kì í sì í bá ti ẹnu rẹ̀ mu. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá tó bí mi, dúdú ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó bá mi jiyàn ilé mi rí. Ìdí nìyí tí mo fi rí i pé èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, kí ẹ má baà ní inú ló ń bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ fi ìtàn ara yín pamọ́ fún un.

Ọ̀yọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Ọ̀yọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí ti wúwo jù. Ta ló tẹ Ọ̀yọ́ dó? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ fún yín pé Ọ̀rànmíyàn ni. Báwo wá ni àwọn baba wa ṣe sọ pé ara Ọ̀rànmíyàn rí? Wọ́n ní Ògún ló mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Lákáńgé bọ̀ láti ojú ogun, tó sì bá a lò pọ̀ kó tó wọlé. Odùduwà rí obìnrin náà, ó wù ú, ó gbà á. Ògún dúdú, Odùduwà pupa. Nígbà tí Lákáńgé bí ọmọ, ìlàjì ara ọmọ náà dúdú bíi ti Ògún, ìlàjì kejì pupa bíi ti Odùduwà. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kò fi ojú abàmì wo ọmọ náà. Wọn kò gbé e jù sínú igbó, wọn kò sì ní kó yan bàbá kan kó kọ ìkejì. Jagunjagun ni wọ́n ní ó dà. Ìdílé ọba Bìní ti ara rẹ̀ jáde, ìtẹ́ Ọ̀yọ́ sì ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkúta gíga tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ṣì dúró ní Ilé-Ifẹ̀ di òní olónìí.

Ẹ tẹ̀lé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ Ṣàngó. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1921 pé ọmọ Elémpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó. Aláàfin tí gbogbo ayé mọ̀ jù, tí wọ́n ń bọ ní Bahia àti Recife ní Brazil, ní Cuba àti ní Trinidad, ọmọ ẹ̀jẹ̀ méjì ni. Gbogbo ìgbà tí ààrá bá sán ní Ọ̀yọ́ tí ẹ bá kí Kábíyèsí, ọmọ obìnrin àjèjì ni ẹ ń kí.

Kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ má rẹ́rìn-ín. Ìtàn ẹnu ìlú wa sọ pé àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, pé Tápà ni Ààlé tó ṣáájú wọn, pé ẹ̀jẹ̀ Ìbàrìbá ló wà lára Ògúnlọlá tó fi ìdí igi Àjàgbọn ṣe ibùgbé, tó ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí a sì ń pè ní Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ìlú tí ọwọ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà pa pọ̀ kọ́ ni ìlú wa.

Ẹ ó ní dúdú ni Tápà, dúdú ni Ìbàrìbá, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó yàtọ̀ sí tiwọn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tápà ló lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ Ìbàrìbá ló sì sá lọ. Èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ilà ojú wọn yàtọ̀, a sì bá wọn jagun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Síbẹ̀, àwọn baba wa fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n sì gbé ọmọ tí obìnrin náà bí gorí ìtẹ́. Bí ọmọ obìnrin láti ilẹ̀ ọ̀tá bá lè jẹ Aláàfin, kí ló dé tí ọmọ nọ́ọ̀sì láti Leeds kò lè ra ata kí ariwo má sọ?

Nǹkan tó sún mọ́ wa gan-an tún wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní àríwá Gánà nígbà náà, ní Tamale àti àwọn ìlú tó yí i ká. Wọ́n di ẹrù, wọ́n kó ọmọ wálé. Mo mọ àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tó jẹ́ pé ọ̀hún ni wọ́n ti bí ìyá wọn, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ Gánà ni ìlú pè wọ́n. Lónìí, àgbà ilé ni wọ́n, wọ́n ń joyè, àwọn ni wọ́n ń parí ìjà láàárín ẹbí, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n níbi tí ìyá wọn ti wá mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí a ṣe ń gba ọmọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń pè é lẹ́jọ́: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò ṣe.

Ẹ̀sùn kejì, òpópónà àti ọjà ni mo ti kó o.

Kí ọmọ yìí gba Ọjà Akẹ̀sán kọjá ní Ọ̀yọ́, tàbí kó yà sí Ọjà Tàkí ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ kò wúlò mọ́. Òyìnbó ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu ọmọdé, lẹ́nu ọlọ́kadà, lẹ́nu ìyá aláta. Bó bá fi Yorùbá tó mọ́ gaara kí ìyá aláta, ìyá náà á ké pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo òyìnbó tó ń sọ Yorùbá. Iye owó ata á sì gbẹ́sẹ̀ sókè. Ẹ ní eré ni ẹ̀ ń ṣe. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eré ni. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ láràárọ̀ láti ìgbà tó ti ń tẹ̀té títí tó fi di ìyá ọmọ, ó ti gbọ́ ìdájọ́ ìlú lórí ara rẹ̀: àlejò ni ọ́, àlejò ni wàá sì máa jẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ń bá ọjà ṣe é. Mo mọ ọmọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ oríkì àwọn Ṣọ̀ún ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ẹnu màmá àgbà yìí ló sì ti kọ́ ọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ ṣe eré nípa ìtàn ìlú, ó ní òun fẹ́ ṣe Ògúnlọlá. Olùkọ́ ní ojú rẹ̀ kò bá a mu. Bowen ni wọ́n ní kó ṣe, ajíhìnrere Amẹ́ríkà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Nígbà Kérésìmesì, áńgẹ́lì ni wọ́n ní kó ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ ibi tí a sin baba ńlá bàbá rẹ̀ sí nínú agbo ilé, ẹ fi ṣe àlejò nínú ìtàn ìlú tirẹ̀. Olùkọ́ náà kò ní in lọ́kàn láti pa á lára, mo mọ̀. Ọmọ náà kò kéwì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo tún fi ìyìn yín kún ẹ̀sùn yìí, nítorí ìyìn náà ń ṣe ìpalára. Ẹ ní ó rẹwà, ẹ fọwọ́ kan irun rẹ̀ láì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi í síwájú nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Ní ọjà kan náà tí ẹ ti ń pariwo lé e lórí, ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ta ọṣẹ àti ìpara tó ń bó ara. Àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ ń fẹ́, ẹ kò fẹ́ òun fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa tí awọ wọn dúdú náà ń wo ohun tí ẹ ń ṣe, wọ́n sì ń kọ́ láti kórìíra awọ tí Ọlọ́run fún wọn. Ọmọ méjì ni ẹ fi ìyìn kan ṣoṣo bàjẹ́.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù, nítorí inú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí bàbá bá kú, tó sì jẹ́ pé àṣà ni wọ́n fẹ́ fi pín ogún rẹ̀, gbogbo wa mọ ìdí-igi. Iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni iye ọ̀nà tí a ó pín in sí. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà nígbà náà sọ ní 1958 pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé orí-ò-jorí, ìyẹn pínpín ní iye orí àwọn ọmọ, wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London náà fọwọ́ sí i ní 1962. Ẹ wo bí àṣà yìí ti dára tó fún ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀! Kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí ìyá. Ìyàwó tó wá láti Manchester jẹ́ ìdí-igi kan gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó wá láti Awẹ́. Bí ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà ló ni ìpín ìdí-igi náà.

Kí ni ẹ̀yin wá ń ṣe? Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ kò ránṣẹ́ pè é. Bó bá gbọ́ tó sì wá, ẹ ní kó jókòó sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ní, "Ṣebí òkè òkun nilé yín? Kí lẹ fẹ́ fi ilé ilẹ̀pa ṣe?" Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú méjèèjì tó jẹ́ pé owó oṣù tí ìyá òyìnbó yẹn gbà nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ ló ra símẹ́ńtì rẹ̀. Àwọn ẹbí mọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ìyàwó wa ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di òyìnbó. Àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1979 kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Nigerwives ni wọ́n ń jẹ́. Ó yẹ kí ojú tì wá pé obìnrin tó fẹ́ ọkọ nílé wa nílò ẹgbẹ́ níta kó tó rí ẹbí.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ yìí, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń júwe tirẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń gbá ọwọ́ náà wálẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin wà fún ìjọba àti òfin rẹ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 25, sọ pé ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, ìbáà jẹ́ òkè òkun ni wọ́n bí i sí. Abala 318 sọ pé bí ọ̀kan nínú òbí ẹnìkan, tàbí ọ̀kan nínú òbí àwọn òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ kan, ẹni náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ yẹn. Abala 42 sì sọ pé kò gbọdọ̀ sí ọmọ Nàìjíríà tí a ó fi ohun kan dù nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Kò sí ibi tí òfin ti sọ̀rọ̀ awọ tàbí irun. Àmọ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé á wo ojú rẹ̀ kó tó wo ìwé rẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ mú baálẹ̀ wá, kó mú àgbà méjì wá, kó mú àwòrán bàbá rẹ̀ wá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ tò á ti gba tirẹ̀, á ti lọ sílé.

Ibì kan wà tí òfin fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi. Abala 26 fún obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní àyè láti forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Kò fún ọkùnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọmọbìnrin wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ohun tó túmọ̀ sí nínú ilé kan yẹ̀ wò: ìyá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bàbá wọn sì ń tọrọ ìwé àṣẹ kó tó lè gbé pẹ̀lú wọn. Ọmọ tó ń rí bàbá rẹ̀ lórí ìlà àwọn àjèjì á mọ̀ pé ìdajì ara òun ni ìjọba kò fẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 2022, wọ́n gbé àtúnṣe abala yìí síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja. Wọ́n dìbò, wọ́n sì dà á nù. Àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin náà láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ẹ̀yin aláwọ̀ funfun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́, mi ò ní fi yín sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1909, Lord Crewe, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, kọ ìwé àṣírí sí àwọn gómìnà pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣọ́ra fún fífi obìnrin ìbílẹ̀ ṣe àlè, pé ẹni tó bá ṣe é yóò rí ìjìyà. Iyì ìjọba ni ìwé náà ń dáàbò bò. Ọmọ tí wọ́n ti bí ńkọ́? Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Ní 1930, ìwádìí tí Muriel Fletcher ṣe ní Liverpool nípa àwọn ìdílé atukọ̀ òkun láti ilẹ̀ wa àti àwọn ìyàwó wọn tó jẹ́ òyìnbó fi àwọn ọmọ wọn hàn bí ìṣòro. Ní Congo, ìjọba Belgium gba irú àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọ Kátólíìkì. Ó di ọdún 2019 kí olórí ìjọba Belgium tó tọrọ àforíjì. Ní oṣù kejìlá 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Brussels dájọ́ fún màmá àgbà márùn-ún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ní kékeré, ó ní ọ̀ràn sí gbogbo ọmọ ènìyàn ni ohun tí wọ́n ṣe sí wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ló rán Bowen wá. Mi ò sẹ́ oore wọn: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tó wà láti 1898 àti ilé ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó dé ní 1907 ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n sì ti wo ọ̀pọ̀ yè. Àmọ́ Richmond ní Virginia ni ìgbìmọ̀ tó ń rán wọn jókòó sí. Ní Virginia kan náà, ní 1958, wọ́n wọ ilé Richard àti Mildred Loving lóru, wọ́n mú wọn lórí ibùsùn nítorí pé ọkọ funfun, ìyàwó kò funfun. Adájọ́ lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 25. Ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1967, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà tó fagi lé òfin náà. Wọ́n ń wàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi dá gbogbo orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ẹ̀jẹ̀ méjì ń gbéni wẹ̀wọ̀n nílé wọn. Ní 1995 ni ìjọ náà tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Kí inú yín má tíì dùn. Àwọn bàbá tiwa náà lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn kan sì gba oyè wọn, wọ́n wọkọ̀ òkun padà, wọn kò wẹ̀yìn. Jackie Kay, akéwì tí wọ́n bí ní Edinburgh ní 1961, tó di akéwì àgbà fún gbogbo Scotland ní 2016, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ni. Tọkọtaya aláwọ̀ funfun ló gbà á tọ́. Ó ti dàgbà kó tó wá bàbá rẹ̀ wá sí ilẹ̀ yìí, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2010. Ọmọ mélòó ni ìtàn tirẹ̀ kò di ìwé? Ẹ̀yin ìdílé tí bàbá yín lọ sókè òkun, ẹ wo inú àpótí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí lẹ́tà ọmọ kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ fèsì.

Ẹ̀sùn tó kẹ́yìn kò gùn. Bí ọmọ ẹ̀jẹ̀ méjì bá gba àmì ẹ̀yẹ, kíákíá ni ẹ ń di ẹbí rẹ̀. Nígbà tí Bernardine Evaristo gba ẹ̀bùn Booker ní 2019, tó jẹ́ obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á, a rántí pé Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Sade Adu, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959 tí ìyá rẹ̀ mú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ ọdún mẹ́rin, gbogbo wa la ní Fọláṣadé ni. Ó dára. Ọmọ tí kò gba ẹ̀bùn, tó ń ta káàdì fóònù ní Sábó, ta ló ní i?

Àwọn kan á bi mí pé, kí wá ni ká máa pe ọmọ yìí? Èmi kọ́ ni ó máa dáhùn, ẹ̀yin náà sì kọ́. Mo lè pe ẹlẹ́rìí. Láàárín 1859 sí 1860, ọkùnrin kan gba Abẹ́òkúta àti Ìjàyè dé Ọ̀yọ́, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì lọ dé Ìlọrin. Robert Campbell ni, ọmọ Jamaica, Scotland ni bàbá rẹ̀ ti wá, ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun ló sì wà lára ìyá rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí ìrìnàjò náà jáde ní 1861, ilẹ̀ ìyá òun ló sì pe ilẹ̀ wa nínú àkọlé rẹ̀. Ó ní bàbá òyìnbó, ó lè fi ìyẹn yangàn. Ọ̀dọ̀ wa ló ní òun ti wá. Ní 1862 ó kó ẹbí rẹ̀ wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863, Èkó ló sì kú sí ní 1884.

Rawlings ní Gánà, ọmọ Scotland ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ewe. Bàbá kò tọ́ ọ, ìyá ló tọ́ ọ, ó sì di olórí orílẹ̀-èdè ìyá rẹ̀. Obama, tí ìyá rẹ̀ funfun, kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn 2010 pé dúdú ni òun. Àwọn mìíràn kò yan ọ̀kan. Láti ọdún 2000 ni ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti gba ènìyàn láyè láti mú ju ẹ̀yà kan lọ. Nígbà tó fi di 2020, mílíọ̀nù 33.8 ènìyàn ló mú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Brazil, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn dárúkọ àwọ̀ wọn ní 1976, orúkọ tí wọ́n dá lé ní 130. Ẹni kan á sọ pé Yorùbá ni òun, ẹlòmíràn á ní méjèèjì ni òun, ẹlòmíràn á ní òun kò fẹ́ sọ rárá. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́, nítorí ẹnu ẹni tó ni ara ló ti jáde.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Olùkọ́, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe Ògúnlọlá, ẹ gbé ọfà àti apó fún un. Ìyá mi tó ń ta ata, ẹ dá a lóhùn bí ẹ ṣe máa ń dá àwọn ọmọ yòókù lóhùn, kí ẹ sì ta ata fún un ní iye tí ẹ ń tà á fún èmi. Olórí ẹbí, ẹ ránṣẹ́ pè é kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ìyá rẹ̀ mọ́ ìdí-igi. Akọ̀wé, ìwé ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin aṣòfin tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dìbò yàn lọ sí Abuja, àwọn ọmọbìnrin wa tó fẹ́ ọkọ láti ilẹ̀ mìíràn ń dìbò fún yín, àwọn ọmọ wọn náà á sì dìbò. Ẹ padà sí abala 26, kí ẹ tún un ṣe.